Ìwé sí Olóòtú: Àṣẹ ogun àti ọ̀rọ̀ àánú, inú Ìwé Mímọ́ ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lójú ewé àwọn lẹ́tà yín. Ìbéèrè tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ kò ṣòro láti sọ: Ọlọ́run tí ó ní kí a fẹ́ràn àwọn ọ̀tá wa, ṣé òun náà ni ó rán Sọ́ọ̀lù pé kí ó lọ pa ọmọ ẹnu ọmú àwọn Ámálékì? Àwọn kan dáhùn pé Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí, ohun tí ó bá wù ú ni ó lè fi ẹ̀mí ṣe, àti pé àfojúdi ni kí ènìyàn máa béèrè ìdí. Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run Májẹ̀mú Láéláé yàtọ̀ sí Baba tí Jésù wàásù rẹ̀, nítorí náà kí a kúkú pa ìwé àtijọ́ náà tì. Lójú tèmi, àṣìṣe kan náà ni ìdáhùn méjèèjì ṣe. Wọ́n gbà pé ohùn kan ṣoṣo ni Ìwé Mímọ́ fi sọ̀rọ̀ ogun, pé àwa òǹkàwé òde òní ni a mú àánú wá láti ìta láti fi dá a lẹ́jọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú Ìwé náà gan-an ni ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn baba ńlá àti àwọn wòlíì ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè é.

Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ó ṣe wà, láìfi aṣọ bò ó. Ní Diutarónómì orí 20, ọ̀nà méjì ni Mósè pín àwọn ìlú tí Ísírẹ́lì yóò bá jà sí. Ìlú tí ó jìnnà ni a ó kọ́kọ́ fi àlàáfíà lọ̀. Bí ó bá kọ̀, a ó pa àwọn ọkùnrin rẹ̀, a ó sì kó obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìkógun. Ní ti àwọn ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ ìlérí, ẹsẹ 16 ní kí wọ́n má ṣe dá ohun kan tí ń mí sí. Orí 7 ti sọ ṣáájú pé kí wọ́n má bá wọn dá májẹ̀mú, kí wọ́n má sì ṣàánú fún wọn. Jóṣúà 6:21 ròyìn bí a ṣe ṣe é ní Jẹ́ríkò: ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti arúgbó, títí dé orí màlúù, àgùntàn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní Sámúẹ́lì Kìíní 15:3, Sọ́ọ̀lù gbọ́ àṣẹ náà láti ẹnu Sámúẹ́lì, pé kí ó pa ọkùnrin, obìnrin, ọmọ kékeré, ọmọ ẹnu ọmú, màlúù, àgùntàn, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a sì kà sí Ámálékì lọ́rùn ni èyí tí àwọn baba ńlá wọn ṣẹ̀ nígbà tí Ísírẹ́lì ń bọ̀ láti Íjíbítì, tí wọ́n kọlu àwọn tí ó rẹ̀ lẹ́yìn èrò, ọ̀pọ̀ ìran kí a tó bí ọmọ ọwọ́ tí a ní kí a pa yìí. Bẹ́ẹ̀ Diutarónómì kan náà, ní orí 24 ẹsẹ 16, ní a kò gbọdọ̀ pa ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba. Ẹni tí ó bá ka gbogbo èyí tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ, kò tíì kà á.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní sábà máa ń mú wá ni pé àsọdùn ológun ni èdè yìí, bí àwọn ọba ayé ìgbà náà ṣe máa ń yangàn. Ẹ̀rí wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òkúta Merneptah ọba Íjíbítì, tí a gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1208 ṣáájú ìbí Kristi tí a sì hú jáde ní 1896, ní Ísírẹ́lì ti parun, irú-ọmọ rẹ̀ kò sí mọ́. Òkúta Méṣà ọba Móábù, ẹni tí a dárúkọ nínú Àwọn Ọba Kejì orí 3, tí a rí ní 1868, náà ní Ísírẹ́lì ti ṣègbé títí láé. Ó fi kún un pé òun pa 7,000 ènìyàn ní Nébò, òun sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún òrìṣà òun. Ísírẹ́lì kò ṣègbé lọ́wọ́ ọba Íjíbítì, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣègbé lọ́wọ́ ọba Móábù. Irú èdè kan náà ni Jóṣúà orí 10 lò nígbà tí ó ní a kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni kù ní Hébúrónì àti ní Débírì, nítorí orí 15 ìwé náà ṣì ń sọ bí Kélẹ́bù ṣe lé àwọn ọmọ Ánákì kúrò ní Hébúrónì àti bí Ótíníẹ́lì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Débírì. Àwọn Ámálékì tí a ní Sọ́ọ̀lù ti pa tán, Dáfídì tún bá wọn jà ní Sámúẹ́lì Kìíní orí 30, 400 ọ̀dọ́mọkùnrin wọn sì gun ràkúnmí sá lọ.

Mo gba àlàyé yìí ní ti ìtàn. Ó fi hàn pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ogun lè má tó ohun tí a kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, nítorí kì í ṣe iye òkú ni a ń jiyàn lé lórí. Bí ọba kan bá yangàn pé òun pa ọmọ ọwọ́, tí kò sì pa wọ́n, irọ́ ni a ó kà sí i lọ́rùn, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Bí a bá wá ní Ọlọ́run ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ ohun tí ọba náà fi ń yangàn ńkọ́?

Àlàyé kejì wúwo ju ìyẹn lọ, ó sì jẹ́ ti Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀: ìdájọ́ ni ogun náà. Jẹ́nẹ́sísì 15:16 ní irú-ọmọ Ábúráhámù kò ní tíì gba ilẹ̀ náà títí di ìran kẹrin, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Ámórì kò tíì kún. Diutarónómì orí 9 tẹnu mọ́ ọn létí Ísírẹ́lì pé kì í ṣe òdodo wọn ni ó gba ilẹ̀ fún wọn. Léfítíkù orí 18 ní ilẹ̀ náà pọ àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ jáde, yóò sì pọ Ísírẹ́lì náà jáde bí wọ́n bá hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn, nígbà tí Ásíríà kó àwọn ará àríwá lọ, tí Bábílónì sì jó Jerúsálẹ́mù. Ráhábù ará Jẹ́ríkò yè, ó sì wọ inú ìran Jésù gẹ́gẹ́ bí Mátíù ṣe kọ ọ́. Ákánì ọmọ Júdà, tí ó jí nínú ìkógun Jẹ́ríkò, ṣègbé. Nígbà tí Jóṣúà pàápàá bá ọkùnrin tí ó fa idà yọ, olórí ogun Olúwa, pàdé nítòsí Jẹ́ríkò, tí ó sì bi í pé, “Tiwa ni ìwọ ń ṣe tàbí ti àwọn ọ̀tá wa?”, èsì tí ó gbà ni “Bẹ́ẹ̀ kọ́.” Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ojúsàájú ẹ̀yà lásán ni ìwé Jóṣúà kò tíì kà á dáadáa.

Síbẹ̀, ìdájọ́ kò dáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́. Ìlú Nínéfè burú, ìwà ipá rẹ̀ gbilẹ̀, Ọlọ́run sì rán Jónà sí i. Nígbà tí wòlíì náà bínú pé a dá ìlú náà sí, ìdí tí Ọlọ́run fún un ní ẹsẹ tí ó gbẹ̀yìn ìwé náà ni pé ó ju 120,000 ènìyàn lọ níbẹ̀ tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún wọn yàtọ̀ sí tòsì, àti ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ alálàyé gbà pé ọmọdé ni àwọn tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì wọ̀nyẹn. Ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn, àwọn kan náà tí a kà mọ́ ohun tí a ó pa ní Sámúẹ́lì Kìíní 15:3, ni Ọlọ́run kan náà wá fi ṣe ìdí àánú níhìn-ín. Èmi kò rò pé ẹni tí ó kọ ìwé Jónà ṣèèṣì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn tí ó ní kí a pa Májẹ̀mú Láéláé tì, ọ̀nà yẹn ti pẹ́. Marcion, olùkọ́ Kristẹni kan, tọ̀ ọ́ ní ọ̀rúndún kejì, ìjọ Róòmù sì yọ ọ́ kúrò láàárín wọn ní ọdún 144. Kì í ṣe ìyọkúrò náà ni ó jẹ́ kí n kọ ọ̀nà rẹ̀, bí kò ṣe pé ibi tí ó ní kí a jù nù ni Jésù ti mú ọ̀rọ̀ àánú rẹ̀ wá. “Àánú ni èmi ń fẹ́, kì í ṣe ẹbọ,” tí Jésù sọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé Mátíù, ọ̀rọ̀ Hóséà ni. “Fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ” ti inú Léfítíkù wá. Bí ebi bá ń pa ọ̀tá rẹ, fún un ní oúnjẹ: Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn ará Róòmù, ṣùgbọ́n ìwé Òwe ni ó ti yá a. Ẹ́kísódù orí 23 ti ní kí a dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀tá tí ó sọnù padà fún un. Bí a bá tún ní kí a sọ òtítọ́, Jésù sọ̀rọ̀ ìdájọ́ àti iná ju bí àwọn oníwàásù ẹlẹ́nu dídùn òde òní ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àfojúdi ni ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Ábúráhámù. Nígbà tí Ọlọ́run fi ohun tí ó fẹ́ ṣe sí Sódómù hàn án, kò dọ̀bálẹ̀ kí ó ní àṣẹ Olúwa ni kí ó ṣẹ. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì bi í pé, “Onídàájọ́ gbogbo ayé kì yóò ha ṣe ohun tí ó tọ́?” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà láti 50 olódodo títí ó fi dé 10. Ọlọ́run kò bá a wí nígbà kankan. Orí kan náà ní Ọlọ́run sọ ọ́ fún un nítorí pé yóò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní òdodo àti ìdájọ́. Mósè náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀rọ̀ ẹgbọ̀rọ̀ màlúù oníwúrà, Ọlọ́run sì yí ọkàn padà. Bí a bá wá kà nípa Jóṣúà tàbí Sọ́ọ̀lù tí kò béèrè ohunkóhun, a kò gbọdọ̀ rò pé àìbéèrè ni ìwà ìgbàgbọ́ tí Ìwé Mímọ́ mọ̀.

Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù, nítorí òun ni a máa ń fi dẹ́rù ba ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàánú. A máa ń ní Sọ́ọ̀lù ṣàánú níbi tí Ọlọ́run ní kí ó má ṣàánú, ìyẹn ni ó sì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Sámúẹ́lì Kìíní orí 15 ẹsẹ 9 ní ó dá Ágágì ọba Ámálékì sí, àti èyí tí ó dára jùlọ nínú àgùntàn àti màlúù, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí kò níláárí ni ó pa run. Ọmọ ọwọ́ kò sí nínú ohun tí ó dá sí. Ọba bí i tirẹ̀ ni ó dá sí, àti ẹran ọlọ́ràá. Bí a bá ń wá àánú nínú orí náà, ẹsẹ 6 ni kí a lọ, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí Sọ́ọ̀lù ti ránṣẹ́ sí àwọn Kénì pé kí wọ́n kúrò láàárín Ámálékì nítorí oore tí wọ́n ti ṣe fún Ísírẹ́lì. Kò sì sí ẹni tí ó bá a wí nítorí ìyẹn. Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀, ẹsẹ 11 ní ó fi gbogbo òru náà ké pe Olúwa.

Ẹ wá ṣí i dé orí 22. Sọ́ọ̀lù gbọ́ pé àwọn àlùfáà Nóbù ran Dáfídì lọ́wọ́, ó sì ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pa wọ́n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ̀; wọn kò na ọwọ́ sí àwọn àlùfáà Olúwa, Ìwé Mímọ́ kò sì pe ìyẹn ní àìgbọràn. Dóégì ará Édómù ni ó gbà láti ṣe é. Ó pa 85 ọkùnrin tí ó ń wọ aṣọ àlùfáà, lẹ́yìn náà ni a fi idà kọlu ìlú Nóbù, “ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti ọmọ ẹnu ọmú, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti àgùntàn.” Àkójọ orí 15 nìyẹn, ràkúnmí nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ohun tí Sọ́ọ̀lù kò ṣe tán lára Ámálékì, ó ṣe é pé lára ìlú àwọn àlùfáà Ọlọ́run, kò sì sí wòlíì tí ó rán an. Ẹni tí ó bá ń wàásù orí 15 láìka orí 22 sí i, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó ń gbọ́, a sì mọ orúkọ tí àwọn àgbà sọ ẹni tí ó bá gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.

Àwọn rábì Júù ti rí orí méjèèjì yìí pọ̀ tipẹ́. Nínú Talmud, ìwé ńlá tí a kó ẹ̀kọ́ àti àríyànjiyàn wọn jọ sí, wọ́n fi ìbéèrè tí ó ń jẹ wá lọ́kàn sí Sọ́ọ̀lù lẹ́nu: bí àgbà bá ṣẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọdé? Bí ènìyàn bá ṣẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹran? Wọ́n ní ohùn kan dún láti ọ̀run wá pé kí ó má ṣe òdodo àṣejù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan náà pàṣẹ fún Dóégì ní Nóbù, ohùn náà tún dún pé kí ó má ṣe ìkà àṣejù. Èmi kò gba apá àkọ́kọ́ ìdáhùn wọn, nítorí Bíbélì kò sọ pé Sọ́ọ̀lù béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, wọn kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú bí ọ̀rọ̀ aláìgbàgbọ́.

Ohun tí ó wá le jù fún àwọn tí ó ní àṣẹ kò ní àbùlà ni ọ̀rọ̀ Jéhù, ọ̀gágun Ísírẹ́lì tí a fi jọba. Èlíṣà ni ó rán ọmọ wòlíì kan láti ta òróró sí i lórí, pẹ̀lú iṣẹ́ pé kí ó pa ilé Áhábù run. Ó ṣe é. Orí 70 ọmọ Áhábù ni a kó sínú agbọ̀n wá fún un ní Jésírẹ́lì, ó sì tún pa 42 nínú àwọn ìbátan ọba Júdà. Àwọn Ọba Kejì 10:30 yìn ín pé ó ṣe ohun tí ó tọ́ ní ojú Olúwa. Nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà, Ọlọ́run bá Hóséà sọ̀rọ̀, ó ní kí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Jésírẹ́lì, nítorí òun yóò bẹ ẹ̀jẹ̀ Jésírẹ́lì wò lára ilé Jéhù. Àwọn alálàyé kan ní ìwọ̀ra Jéhù àti ère tí kò wó ni ó fa ìbẹ̀wò náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Hóséà kò dárúkọ ère ní ẹsẹ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó dárúkọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ó wà nínú Kíróníkà Kejì orí 28, a kì í sábà gbọ́ ọ lórí pẹpẹ. Nígbà ayé Áhásì ọba Júdà, àwọn ará Ísírẹ́lì ti àríwá ṣẹ́gun Júdà, wọ́n sì kó 200,000 obìnrin àti ọmọ ní ìgbèkùn lọ sí Samáríà. Wòlíì kan tí ń jẹ́ Ódédì jáde lọ pàdé ogun náà. Kò sọ pé Ọlọ́run kò sí nínú ìṣẹ́gun wọn. Ó ní Olúwa bínú sí Júdà, òun ni ó sì fi wọ́n lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìbínú tí ó ga dé ọ̀run pa wọ́n, kí wọ́n dá àwọn ìgbèkùn padà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ya ìdájọ́ Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò lára ìkà ọwọ́ tí ó mú un ṣẹ, èyí tí gbogbo àríyànjiyàn wa kò tíì rí yà. Àìsáyà orí 47 sọ irú rẹ̀ sí Bábílónì: mo fi àwọn ènìyàn mi lé ọ lọ́wọ́, ìwọ kò sì ṣàánú fún wọn. Ẹni tí a fi ẹlẹ́ṣẹ̀ lé lọ́wọ́ ṣì wà lábẹ́ òfin àánú. Àwọn olórí Éfúráímù, ní àríwá náà, gba ọ̀rọ̀ Ódédì. Wọ́n wọ àwọn tí ó wà ní ìhòòhò láṣọ, wọ́n fún wọn ní bàtà, wọ́n bọ́ wọn, wọ́n fi òróró pa wọ́n lára, wọ́n gbé àwọn aláìlera gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n sì mú wọn dé Jẹ́ríkò, ìlú ọ̀pẹ, kí wọ́n tó padà sí Samáríà. Jẹ́ríkò ni o, ìlú tí Jóṣúà kò dá ohun tí ń mí sí nínú rẹ̀ àfi ilé Ráhábù. Nígbà tí Jésù wá ń sọ ìtàn ará Samáríà kan tí ó da òróró sí ojú ọgbẹ́ ọkùnrin tí a bọ́ láṣọ lọ́nà Jẹ́ríkò, tí ó sì gbé e gun ẹran ara rẹ̀, ó ṣòro fún mi láti gbà pé kò rántí orí yìí.

Èlíṣà pẹ̀lú ní kí ọba Ísírẹ́lì fi oúnjẹ bọ́ àwọn ọmọ ogun Síríà tí ó ti kó sí i lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ ogun náà kò sì wá mọ́. (Kí n má baà yan ẹsẹ tí ó wù mí nìkan, ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e gan-an ní ọba Síríà tún wá dó ti Samáríà lẹ́yìn náà. Àánú kì í fi ìgbà gbogbo mú àlàáfíà wá.)

Àwọn ará wa Mùsùlùmí mọ irú àríyànjiyàn yìí nínú ilé tiwọn. Súrà Taoba ẹsẹ 5 ní nígbà tí àwọn oṣù ọ̀wọ̀ bá ti kọjá, kí a pa àwọn ọ̀ṣẹbọ níbikíbi tí a bá ti rí wọn. Ẹsẹ 4 ti kọ́kọ́ yọ àwọn tí ó pa àdéhùn mọ́ sílẹ̀, ẹsẹ 6 sì ní bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ṣẹbọ bá wá ààbò, kí a fún un, kí a jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí a sì sìn ín dé ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀. Àwọn alálàyé àtijọ́ kan ní ẹsẹ 5 ti pa ọ̀pọ̀ ẹsẹ àlàáfíà rẹ́, àwọn mìíràn sì ta kò wọ́n gidigidi. Nígbà tí Ànábì Muhammad wọ Mẹ́kà ní 630, ìdáríjì ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó ti bá a jà rí gbà. Èmi kì í ṣe onímọ̀ nínú ẹ̀sìn náà, n kò ní lọ jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ẹsẹ 5 tí kò dé ẹsẹ 6 kò yàtọ̀ sí oníwàásù tí kì í dé Nóbù.

Ohun tí ó jẹ́ kí n fi tìṣọ́ratìṣọ́ra kọ gbogbo èyí ni ohun tí àwọn ènìyàn ti fi àwọn orí wọ̀nyí ṣe. Ní oṣù Keje 1099, àwọn ọmọ ogun àgbélébùú fi ẹsẹ̀ lásán yí odi Jerúsálẹ́mù ká bí Ísírẹ́lì ṣe yí Jẹ́ríkò ká, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà sì ni wọ́n wọlé pa Mùsùlùmí àti Júù. Ní 1637, àwọn òyìnbó tí ó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà jó odi àwọn Pequot, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, ní ìlú Mystic tọmọdé tàgbà. John Underhill, ọ̀gágun kan níbẹ̀, kọ ọ́ pé nígbà mìíràn Ìwé Mímọ́ ní obìnrin àti ọmọ gbọ́dọ̀ bá òbí wọn ṣègbé. Kò sí wòlíì kan tí ó rán wọn. Wọ́n ka ìtàn àṣẹ kan tí a fún ẹlòmíràn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù.

Àwọn Júù, tí àṣẹ náà kàn gan-an, ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nínú Mishnah, àkójọ òfin àwọn rábì àtijọ́, nígbà tí ará Ámónì kan fẹ́ wọ ìjọ, tí wọ́n ní Diutarónómì kọ̀ fún un, rábì Joshua dáhùn pé Senakéríbù ọba Ásíríà ti da gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ ara wọn tipẹ́, a kò sì lè mọ ẹni tí ó jẹ́ ará Ámónì mọ́. Wọ́n sì gba ọkùnrin náà wọlé. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Maimonides, rábì tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú òfin Júù, kọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jagun láìkọ́kọ́ fi àlàáfíà lọ̀ ọ́, ìbáà ṣe ogun tí Ọlọ́run pa láṣẹ, àti pé ìrántí àwọn orílẹ̀-èdè méje tí ó wà ní ilẹ̀ ìlérí ti parẹ́. Origen, olùkọ́ kan láàárín àwọn Kristẹni ọ̀rúndún kẹta, sọ ogun Jóṣúà di ogun tí ènìyàn ń bá ẹ̀ṣẹ̀ inú ara rẹ̀ jà. Mo rò pé Origen tètè sá kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, nítorí ọmọ Jẹ́ríkò kì í ṣe àpèjúwe fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka ìwàásù rẹ̀ tí yóò mú idà.

N kò mọ bí a ṣe lè dá Sámúẹ́lì Kìíní 15:3 láre, n kò sì ní gbìyànjú rẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run lè gba ẹ̀mí tí ó fún ni, n kò sì rí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti gbà wá láyè láti bá a gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nípa ọ̀rọ̀ tí a sọ fún Sọ́ọ̀lù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn oníwàásù kò pọ̀: kí wọ́n má ṣe pe ènìyàn alààyè kankan, ẹ̀yà kankan tàbí ẹlẹ́sìn mìíràn ní Ámálékì mọ́. Ẹni tí ó bá sì ṣì gbà pé àṣẹ tí ó bá ti ẹnu wòlíì jáde kò ní ẹjọ́ lẹ́yìn, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí yín, kí ó ṣàlàyé fún wa bí Ọlọ́run tí ó yin Jéhù nínú ìwé Àwọn Ọba ṣe tún béèrè ẹ̀jẹ̀ Jésírẹ́lì lọ́wọ́ ilé rẹ̀ láti ẹnu Hóséà. Mo ń retí èsì náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín